Ògiri Tó Lanu: Àtúnṣe Àléébù Ìrántí Nínú Linux



Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi lónìí ni kernel Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo fóònù Android. Kernel ló ń pín ìrántí kọ̀ǹpútà. Òun ni kì í jẹ́ kí ètò kan tọwọ́ bọ àwo ètò mìíràn.

Bí ètò mẹ́wàá bá fẹ́ ka fáìlì kan náà, ojú ewé ìrántí kan ṣoṣo ni kernel ń fi hàn wọ́n. Ìgbà tí ọ̀kan bá fẹ́ kọ nǹkan sí i ló tó ń ṣe ẹ̀dà fún un.

Ẹ fi kernel wé akọ̀wé kan tí ìwé ilẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí ètò sì jẹ́ oníbàárà. Oníbàárà ní òun fẹ́ kọ nǹkan sí i. Akọ̀wé ṣe fótókọ́pì, ó wá fagi lé "ó fẹ́ kọ ọ́" nínú ìwé rẹ̀, torí ó gbà pé ìyẹn ti parí. Kó tó yíjú padà, ẹnìkejì oníbàárà ti ju fótókọ́pì nù. Akọ̀wé nawọ́, ojúlówó ló bá, ó gbé e fún wọn. Bẹ́ẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ oníbàárà.

Àléébù tí wọ́n pè ní Dirty COW nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ kí Phil Oester tó rí i ní 2016. Ẹni tí kò láṣẹ lè tibẹ̀ di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Torvalds fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọdún 11 ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àtúnṣe náà nítorí ìṣòro tó dá sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ s390 ti IBM.

Àtúnṣe 2016 kò pọ̀. Akọ̀wé kò fagi lé nǹkan mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ṣe ẹ̀dà, ó sì ń wo òǹtẹ̀ tó fi hàn pé ẹ̀dà ni lára ìwé kó tó fi sílẹ̀. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, á lọ ṣe ẹ̀dà mìíràn.

Ó dà bí ẹni pé ó ti tán. Àmọ́ ojú ewé ìrántí lásán jẹ́ báìtì 4,096. Àwọn ńláńlá wà tí wọ́n tó mẹ́gábáìtì 2. Ní 2017, wọ́n rí i pé lórí àwọn ńlá yìí, òǹtẹ̀ lè bọ́ sára ojúlówó láìsí ẹ̀dà kankan. Wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, àárín ìgbà tí a wò ó àti ìgbà tí a fọwọ́ kàn án ni ògiri ti ń lanu. Bí ẹ bá dí ihò kan, ẹ yí ilé po kí ẹ tó fọ amọ̀ ọwọ́ yín.