Oríkèé Ni Ká Wò Lára Ọkọ̀ Oníke

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa nínú iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, láìpẹ́, àwọn kan yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ike àlòkù kan ọkọ̀ ojú omi fún àwọn, torí wọ́n ti rí i pé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kì í rì. Ẹ má yára gbà. Lóòótọ́ ni kẹ́ẹ̀gì ń léfòó, ṣùgbọ́n oríkèé ni ìgbì ń bá jà. Ní 2008, Marcus Eriksen àti Joel Paschal tu ọkọ̀ Junk láti Kalifọ́níà lọ sí Hawaii lórí ìgò ike bí 15,000. Ìdérí ìgò ni ìgbì kọ́kọ́ ń tú, tí omi fi ń wọlé. Àwọn tó kan ọkọ̀ Plastiki, tó lọ láti San Francisco dé Sydney ní 2010, fún ìgò tiwọn ní gáàsì kó lè le gan-an. Síbẹ̀, ẹ wo egungun ọkọ̀ náà: pákó ike tí wọ́n dìídì ṣe ni, ìgò kàn ń gbé e léfòó ni.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú yọ́ gbogbo ike pọ̀, kí a dà á bíi pákó. Irú ike wo? Ike ìgò omi ń yọ́ nínú ooru bí 250 Celsius, ti kẹ́ẹ̀gì ní bí 130. Wọn kì í wọra, pákó tí a bá rí níbẹ̀ kò ní lágbára. Gọ́ọ̀mù pàápàá kì í fẹ́ mú ara kẹ́ẹ̀gì. Ṣíṣà àti fífọ̀ ike ló wá ń gba àkókò jù. Ní Lamu, lórílẹ̀-èdè Kenya, Ali Skanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara da gbogbo èyí, wọ́n sì gbé Flipflopi, ọkọ̀ ìgbòkun oní mítà 9, jáde ní 2018. Ọgbọ́n tí àwọn baba wọn fi ń kan ọkọ̀ onígi ni wọ́n lò. Ẹ fi ìyẹn dá ẹni tó bá ní ike ti sọ iṣẹ́ yín di aláìwúlò lóhùn.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ tó ní igi sàn ju ike lọ kò ṣì sọ pátápátá. Ike máa ń tẹ̀ ju igi lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn sí i, ọkọ̀ á sì wúwo. Ṣùgbọ́n kòkòrò omi kì í jẹ ẹ́, kì í sì í rà. Àtakò tó bà mí lẹ́rù jù ni ti oòrùn: ó ń mú kí ike máa sán, èérún rẹ̀ á sì padà sínú omi tí a ní a ń tún ṣe. Ọ̀dà lè dín in kù, kò lè mú un kúrò. Kí ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ iye èrò tó lè gbé, kó sì mọ oṣù tí yóò tún gbé e padà wá kí ẹ lè yẹ oríkèé rẹ̀ wò.