Kí Owó Àánú Bá Ọmọ Délé

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà.

Ní ọdún 2009, ìwádìí ìjọba ibẹ̀ fi hàn pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ 148, 140 ni kò ní ìwé àṣẹ. Nínú ọmọ bí 4,500 tí ń gbé inú wọn, ó tó 90 nínú 100 tí kì í ṣe aláìlóbìí rárá. Òṣì ni ó lé púpọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Owó àánú láti òkè òkun sì ti sọ ilé ọmọ di òwò lọ́wọ́ àwọn kan.

Ó tọ́ kí ẹgbẹ́ aláàánú dá owó irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ yóò jẹ lọ́la? Nítorí à ń lé eku, a kì í jó ilé tí ọmọ sùn sí. Kí owó náà bá ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí alágbàtọ́. Kí ó di oúnjẹ àti owó ilé-ìwé.

Kí ẹ tó dáwó, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: ìyá ọmọ yìí dà? Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ.