“ÀǸFÀÀNÍ” NÍNÚ ÀRÒKỌ YORÙBÁ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kọ àròkọ alárìíyànjiyàn. Òun ni “the advantage of”. Ó wúlò nínú èdè tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o wọ inú Yorùbá bí ó ti rí, ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú.

“Àǹfààní” fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Láti inú èdè Haúsá ni ó ti wọlé, ó sì ti di ọmọ onílé tipẹ́. Àṣìlò rẹ̀ ni a ń bá wí. Bí a bá wo ọjà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ìyá tí ń ta máńgòrò tí yóò wí fún oníbàárà pé, “Àǹfààní ti máńgòrò yìí ni pé ó ní adùn.” Ohun tí yóò wí ni pé, “Ẹ tọ́ ọ wò, ó dùn, kì í há sí eyín.” Ó sọ ìwà ọjà rẹ̀, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò rí àǹfààní ibẹ̀.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan lórí fífi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò kọ nípa rẹ̀ pé, “Àǹfààní ti kíkọ́ ọmọ pẹ̀lú èdè ìyá rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ máa ń tètè yé e.” Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò kọ pé, “Ọmọ tí a bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ́ a máa tètè yé e.” Bí àǹfààní bá pọ̀, tí a fẹ́ kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ìgbà náà ni ó tọ́ láti dárúkọ rẹ̀: “Àǹfààní mẹ́ta ni ó wà nínú fífi èdè ìyá kọ́ ọmọ.”

Èyí tí ó léwu jù ni “take advantage of”, nítorí pé ojú méjì ni ó ní. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí lo àǹfààní náà láti fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé, “Àwọn oníṣòwò lo àǹfààní àwọn àgbẹ̀,” kí ni a ó gbọ́? Ṣé àgbẹ̀ ṣe wọ́n lóore ni, tàbí wọ́n fi òṣùwọ̀n èké ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: wọ́n rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó fi “lo àǹfààní” rọ́pò “rẹ́ jẹ” ti fi aṣọ bo ìwà ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fa igi pupa sí ìwé ọmọ, kí ó bi í ní ìbéèrè méjì: Ta ni ó jèrè? Ta ni ó pàdánù? Bí ọmọ bá dáhùn, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ yóò wá sí i lẹ́nu. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.