Títa Ọrun Gígùn Dé Ọ̀nà Jíjìn
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ọfà títa ní Ìlú Ọba níbí ti mọ̀ ọ́n ta ní 40 yáàdì. Wọ́n wá ń bẹ̀ mí pé àwọn fẹ́ ta á sí àsíá tó wà ní 180 yáàdì, bí àwọn àgbàlagbà ti ń ṣe. Kò burú. Òfin Ọba Henry Kẹjọ ní 1541 kò tilẹ̀ gbà kí ọkùnrin tó ti pé ọdún 24 fi ọfà fífúyẹ́ ta sí àmì tí kò ju 220 yáàdì lọ.

Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ló ń gbé ọfà dé ibẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Mo fa ọsán kọjá bó ti yẹ, ọrun mi ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ibì kan náà lábẹ́ àgbọ̀n ni kí ẹ máa fà á dé. Láti ìbàdí ni kí ẹ ti tẹ̀ sẹ́yìn, kí apá àti èjìká má yẹ̀ bí ọrun ti ń gòkè. Tí ọfà bá ti dé agbedeméjì ilẹ̀ àti àtàrí yín, ó tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, òkè ló ń lọ, kò jìnnà mọ́.

Ọwọ́ yín yóò bo àsíá. Nítorí náà, ẹ wá orí igi kan tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Ẹ má lo ìkùukùu o, ó ń rìn!

Ẹ̀yin òbí, ọfà tó bá já bọ́ láti òkè kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ di àwọn kéékèèké mú sẹ́yìn ìlà, títí n ó fi fọn fèrè.