Ọmọ Èkó Inú Odò Aire: Ọlọ́pàá, Ìwà Ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti Ẹni Tí A Jẹ́



Ọ̀rọ̀ ọmọ Èkó kan ni mo bá wá. Ọdún 1930 ni wọ́n bí David Oluwale. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, ó yọ́ wọnú ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan ní èbúté, ó fara pamọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbé e gúnlẹ̀ sí Hull ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kì í ṣe àjèjì lójú òfin o. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni Èkó wà, òfin tí ìjọba Ìlú Ọba ṣe ní 1948 sì ti sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ọmọ onílẹ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́. Owó ọkọ̀ tí kò san ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 28.

Nígbà tó jáde, Leeds ló fìdí kalẹ̀ sí. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà náà sọ pé ó fẹ́ràn ijó, ó sì mọ aṣọ wọ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní Yankee. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú dáadáa, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bó ṣe kú lọ.

Ní 1953, ọlọ́pàá mú un lórí ọ̀ràn ìjà kan. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Menston, ọdún mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde ní 1961, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rí i pé ẹni tó wọlé kọ́ ló jáde. Kò níṣẹ́ tó dúró, kò nílé. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn sí.

Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti ń wá a. Láti 1968, Ìnsípẹ́kítọ̀ Geoffrey Ellerker àti Sájẹ́ǹtì Kenneth Kitching sọ ọ́ di iṣẹ́ òru wọn. Ohun tí wọ́n jẹ́rìí sí ní kóòtù ni mo ń sọ yìí, àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn sì wà lára àwọn tó jẹ́rìí náà: wọ́n ń lù ú, wọ́n ń gbá a nípàá, wọ́n tọ̀ sí i lára níbi tó sùn sí, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lóru lọ jù sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Á tún fẹsẹ̀ rìn padà. Kò ní ìlú mìíràn tó lè padà sí mọ́.

Nínú ìwé tí ọlọ́pàá kọ nípa rẹ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tí í dá jẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ ta ni ọ́, agboolé wo lo ti wá, kí ni oríkì yín: ohun tí a bá fi dá ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn ni a fi ń dúró láwùjọ. Èkó ni Oluwale fi gbogbo ẹni tó lè bá a dáhùn sílẹ̀ sí. Ìwé ìjọba nìkan ló kù tó lè sọ ẹni tó jẹ́, òun náà ni wọ́n fi bú u. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé: ìyà tí ọlọ́pàá ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi ń jẹni kì í bẹ̀rẹ̀ lára. Ẹbí, ìlú àti orúkọ ló kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà tí kò bá sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀ mọ́ ni kùmọ̀ ń dé.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1969, wọ́n rí àwọn aláṣọ ọlọ́pàá tó ń lé ọkùnrin kan lọ sápá odò Aire tó la Leeds kọjá. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n yọ òkú Oluwale nínú odò náà. Sàréè àwọn tálákà ní Killingbeck ni wọ́n sin ín sí, òun pẹ̀lú àwọn òkú mìíràn nínú kòtò kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá wá tú ohun tó ń gbọ́ níbi iṣẹ́ síta. Scotland Yard dá sí i, wọ́n hú òkú, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Leeds ní oṣù kọkànlá ọdún 1971. Adájọ́ ní kí àwọn júrì dá àwọn méjèèjì láre lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ṣokùnfà ikú rẹ̀. Ìluni nìkan ni ẹ̀bi tó dúró. Ellerker gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, Kitching gba oṣù 27. Òkú náà sì tún gba èébú tirẹ̀: ẹlẹ́gbin àti oníwà ipá ni wọ́n pè é níwájú adájọ́. Ẹ̀rí àwọn tó mọ̀ ọ́n sí èèyàn jẹ́jẹ́ kò dé etí júrì.

Kí ni èyí ṣe fún àwùjọ? Ní Leeds ìgbà náà, ọmọ Jamaica, ọmọ St Kitts àti ọmọ Nàìjíríà kò ka ara wọn sí ẹ̀yà kan. Oúnjẹ wọn yàtọ̀, ìtàn wọn yàtọ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn. Ikú Oluwale wà lára ohun tó kọ́ wọn pé lójú ẹni tó di kùmọ̀ mú, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ní Chapeltown, àdúgbò kan ní Leeds, pé kí aráyé rántí Oluwale. Linton Kwesi Johnson, akéwì tí wọ́n bí ní Jamaica, dárúkọ rẹ̀ nínú ewì. Ọmọ ẹlòmíràn ló sunkún ọmọ Èkó. Bí àwọn aláwọ̀ dúdú Ìlú Ọba ṣe ń di ìdílé kan nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, nítorí ó jẹ́ ibi ìsádi fún ẹni tí kò ní ẹnìkan. Síbẹ̀, ó dùn mí pé ìyà ló bí i. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ń mọ̀ pé òun jẹ́ dúdú kó tó mọ̀ pé òun jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ẹ̀gbá. Bàbá tó yẹ kó máa ki ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọwọ́ sí ibi tí ọlọ́pàá ti lè rí i.

Hull yẹn kan náà tí Oluwale gúnlẹ̀ sí ni Christopher Alder kú sí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1998. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe sójà fún Ìlú Ọba. Ó dojú bolẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá dúró tì í, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì gbọ́ igbe bíi ti ọ̀bọ nínú rẹ̀. Ní 2000, ìwádìí ikú náà sọ pé wọ́n pa á láìbófin mu ni. Ní 2002, kóòtù dá ọlọ́pàá márùn-ún sílẹ̀. Ní 2011 ni àṣírí wá tú pé òkú obìnrin arúgbó kan ni ẹbí Alder sin ní ipò rẹ̀. Ẹ wo ibi tó dé: òkú pàápàá kò lè jẹ́ ara rẹ̀ mọ́. Janet, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Àwọn òbí Olaseni Lewis náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni Olaseni nígbà tí ọlọ́pàá mọ́kànlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nílé ìwòsàn ní London ní 2010, tó sì bá a lọ. Òfin tó jáde ní 2018 lórí lílo ipá sí àwọn alárùn ọpọlọ, orúkọ rẹ̀ ni aráyé fi ń pè é.

Ẹnìkan á bi mí pé, ọlọ́pàá tiwa ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọ̀ kan náà ni SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá Nàìjíríà, àti àwọn ọ̀dọ́ tó tú síta láti takò ó ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dá ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Hausa ló mọ̀ọ́mọ̀ kó sínú rẹ̀, kí ẹni tó ń luni má baà bá ẹni tó ń lù tan. Àìbátan yìí kan náà ni wọ́n fi pa Oluwale, a ò sì tíì fà á tu nílé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n lẹ àmì ìrántí Oluwale mọ́ afárá Leeds. Lóru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí i yọ. Àwọn ará Leeds fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 2023, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí odò Aire, Yinka Shonibare, ọmọ wa tó dàgbà ní Èkó, sì gbé òdòdó hibiscus ńlá kan kalẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, alára mèremère, tó ga tó mítà 9.5.

Leeds ti ń tọrọ àforíjì lọ́nà tiwọn. Ó ku àwa tó ni ín. Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé ìtàn fún ilé ẹ̀kọ́ girama, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ David Oluwale síbẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ pé ọmọ Èkó ni. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní London, ní Leeds, ní Houston, ẹ ki wọ́n ní oríkì wọn, ẹ mú wọn mọ agboolé tí wọ́n ti wá, kí ọlọ́pàá tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún wọn.