Ẹrù Ilé ní Ẹnu Ibodè

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Kò sí àdúgbò kan lónìí tí a kò ti rí ẹni tí ń palẹ̀ mọ́ láti lọ gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, a san owó ọkọ̀ òfúrufú, a sì dágbére fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ní ti ẹrù ilé rẹ̀, a máa rò pé kò ju kí a dì í, kí a sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìbéèrè tí ń dúró dè é ní ẹnu ibodè kò wá sí ọkàn rẹ̀ rárá: Kí ni ohun tí o rù? Ti ta ni? Láti ìgbà wo ni ó ti jẹ́ tìrẹ? Lórí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Kí òyìnbó tó jọba lórí wa, àwọn ìlú Yorùbá tí wọ́n ní odi ní ibodè pẹ̀lú, ibodè sì ní oníbodè tí ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ọjà kọjá. Nígbà tí G. W. Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìṣèlú sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1865, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé ni láti fi owó-ibodè lé ọjà tí ń jáde kúrò ní ìlú náà. Owó-ibodè, nígbà náà àti nísinsìnyí, owó orí ọjà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá yóò san án tàbí kò ní í san án, kí ó kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ń bẹ láàrin ọjà àti ẹrù ilé.

Ibùsùn tí ènìyàn ti ń sùn lé láti ọdún márùn-ún, ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú, àga tí àwọn ọmọ ti gùn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń mì, ìwọ̀nyí kì í ṣe ọjà mọ́. Ẹni tí ó ni wọ́n kò kó wọn lọ láti fi wọ́n jèrè, kò sì fi wọ́n gba oníbàárà lọ́wọ́ oníṣòwò ìlú tí ó ń lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè fi gbà kí ẹni tí ń ṣí ibùgbé rẹ̀ padà kó wọn wọlé láìsan owó-ibodè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìyọ̀ǹda yìí kì í dédé bọ́ sí ni lọ́wọ́. A ní láti tọrọ rẹ̀, a sì ní láti fi hàn pé ó tọ́ sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso owó-orí àti owó-ibodè níbẹ̀ ni a ń pè ní HMRC. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè. Èkíní, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gbé ní òde ilẹ̀ náà fún oṣù 12 léraléra, ó kéré tán. Èkejì, ẹrù náà gbọ́dọ̀ ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó sì ti máa lò ó, fún oṣù 6, ó kéré tán, kí ó tó ṣí lọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹrù má ṣe pẹ́ ju oṣù 12 lọ kí ó tó wọlé, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti dé. Ẹ̀kẹrin, fún oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹrù bá wọlé, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ fi í dógò, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó tí a ti fojú fò lè padà wá bá a.

Ìwé tí a fi ń tọrọ ìyọ̀ǹda yìí ni wọ́n ń pè ní ToR1. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kọ ọ́, kí ẹrù tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti dé tán. Wọn a béèrè ìwé ìrìnnà, ẹ̀rí ilé tí a ti ń gbé àti ti ilé tí a ń lọ, àti àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí a ń kó bọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọn a fún ni ní nọ́ńbà kan, èyí tí a ó fi lé ẹni tí ń bá wa gbé ẹrù náà lọ́wọ́. Ìyọ̀ǹda náà kò kan ọtí, kò kan tábà, kò kan ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò. Kò sì kan ohun èlò òwò, àyàfi irinṣẹ́ tí ènìyàn lè gbé dání, tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ kàwé, ìyọ̀ǹda tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, fún aṣọ rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ohun èlò yàrá rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ti ń lò láti ọdún mẹ́jọ, ó ní ìkòkò irin, ó ní àga mẹ́rin, ó ní aṣọ-òkè tí ó fi ṣe ìgbéyàwó. Ìwọ̀nyí ti pé oṣù 6 lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kọjá oṣù 6. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbéra, ó gbọ́ pé nǹkan wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ sí ọjà, ó ra ìkòkò tuntun, abọ́ tuntun àti ohun èlò ilé mìíràn. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìyọ̀ǹda. Bí iye wọn bá jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn, owó-orí ọjà ilẹ̀ náà, tí ó jẹ́ 20 nínú 100 lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, yóò gba 200 pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀. A kò tíì ka owó-ibodè fúnra rẹ̀, tàbí owó ọkọ̀ tí a tún ń ṣírò mọ́ iye ẹrù. Ohun tí ó rò pé òun fi ń ṣọ́ owó ná ti di ìnákúnàá. Bí ó bá sì tún di aṣọ-òkè ogún sáàrin ẹrù náà láti tà fún àwọn ará wa tí ń bẹ níbẹ̀, ọjà ni wọ́n, ìbáà ṣe pé wọ́n ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

Mo dé ibi tí ó ṣòro jùlọ fún àwa Yorùbá, èyí ni ìbéèrè pé, Ti ta ni? Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan ń kó ẹrù lọ, ilé rẹ̀ a kún. Ìyá àgbà a gbé àpò kan wá fún ọmọ rẹ̀, aládùúgbò a gbé páálí tí a ti lẹ̀ pa wá, alábàáṣiṣẹ́ a ní, “Jọ̀wọ́, bá mi mú èyí dání, kò wúwo.” Ojú a máa tì wá láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ti ẹni tí ń ṣí lọ nìkan ni ìyọ̀ǹda yìí kàn. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni yóò sì dáhùn fún ohun tí a bá bá nínú ẹrù, kì í ṣe ẹni tí ó rán an. Bí kílíṣí bá wà nínú páálí aládùúgbò ńkọ́? Ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀ wa wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹrù arìnrìn-àjò, yàtọ̀ sí wàrà ọmọ ọwọ́ níwọ̀nba. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró nílé, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ di ẹrù ẹ̀bi lé ọmọ yín lórí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ, ẹ kọ́ láti sọ pẹ̀lú ìwà tútù pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, òfin kò gbà á.”

Kí ẹrù tó dé ibodè ẹlòmíràn, ó ní láti jáde ní ibodè tiwa. Láti ọdún 1979 ni òfin Nàìjíríà ti fi ìtọ́jú ohun àtijọ́ sí abẹ́ Ìgbìmọ̀ àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àṣẹ rẹ̀ pọn dandan kí ère àtijọ́ tàbí irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ tó lè kúrò ní ilẹ̀ yìí. Eyín erin àti awọ ẹkùn wà lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Washington ní ọdún 1973, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní 1975. Bí bàbá àgbà tilẹ̀ fi wọ́n jogún fún ọ, má ṣe dì wọ́n mọ́ aṣọ láìgba ìwé àṣẹ.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún kan ni a gbọ́dọ̀ ti fi lo ohun èlò ilé kí ó tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Kánádà, ẹni tí ń lọ tẹ̀dó gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ méjì hàn ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dé: ọ̀kan fún ohun tí ó gbé dání, èkejì fún ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn lè pàdánù ìyọ̀ǹda, bí ó ti wù kí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ní ti ẹni tí ń padà bọ̀ wálé, kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú. Ìlò tí ó ṣe ẹrù láǹfààní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pa á lára níhìn-ín, nítorí pé fìríìjì àlòkù, ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù àti táyà àlòkù wà nínú ìwé ohun tí Nàìjíríà kò fẹ́ kí a kó wọlé. Kí ó béèrè kí ó tó di ẹrù.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Alàgbà, àwọn òṣìṣẹ́ ibodè pàápàá kì í ṣe olóòótọ́ nígbà gbogbo.” Mo gbà. Ìwé Mímọ́ kò fi èyí pamọ́: Mátíù jókòó sí ibi tí a ti ń gba owó-òde kí a tó pè é, Jòhánù Onítẹ̀bọmi sì kìlọ̀ fún àwọn agbowó-òde pé kí wọ́n má ṣe gbà ju èyí tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè mọ èyí tí a là sílẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó ka òfin? Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, tí ó san èyí tí ó tọ́, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí owó, ṣòro láti dẹ́rù bà. Ẹni tí ó fi nǹkan pamọ́ ni ó ń fi àpò rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Kí a kọ ìwé kí a tó di ẹrù. Kí a fi nọ́ńbà sí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí a rà á, àti iye tí ó tó lónìí gẹ́gẹ́ bí àlòkù. Kí a tọ́jú ìwé ìrajà tí a bá ṣì ní, kí a sì ya àwòrán ohun tí ó níye lórí. Kí a fi ẹ̀dà kan sí ọwọ́, kí a fi èkejì sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a fọkàn tán nílé. Kí a ya ohun tuntun sọ́tọ̀, kí a sì pè é ní tuntun. Nítorí pé òfin a máa yípadà, kí a béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ni ín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó rin ìrìn àjò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní, òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ní ẹnu ibodè tí mo ń wí yìí, èké ni ó wọ́n jù, nítorí pé ẹni tí ó rà á lè pàdánù ẹrù, owó àti orúkọ rere ní ìlú tí kò ì tíì mọ̀ ọ́n. Ilé sì ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kó ẹrù tí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ ìtàn rẹ̀, láti orí àpótí èkíní títí dé èyí tí ó kẹ́yìn.