Youssou N'Dour: Ohun tí ìtàn olórin Senegal kọ́ ẹ̀yin òṣèré tó fẹ́ dupò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọrin, tí ẹ̀ ń ṣe tíátà, tí ẹ sì ti ń ronú láti dupò káńsẹ́lọ̀ tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀, ìtàn ọkùnrin kan ní Senegal ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀.

Àdúgbò Médina nílùú Dakar ni wọ́n bí Youssou N'Dour sí lọ́dún 1959. Ìdílé arọ́kin ni ìyá rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1994, orin '7 Seconds' tí òun àti Neneh Cherry jọ kọ gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé.

Àmọ́ kò dúró sórí orin nìkan. Ó ní ilé ijó Thiossane, ó dá Xippi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Iléeṣẹ́ rẹ̀ tún ní ìwé ìròyìn L'Observateur, rédíò RFM àti tẹlifíṣọ̀n TFM.

Lọ́dún 2008, ó gbé ètò Birima kalẹ̀ láti máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó yá wọn ni. Ẹni tó gba ìrẹsì nígbà ìbò yóò jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó yáwó ṣòwò, tó sì san án padà, ọjà rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ, ẹlòmíràn náà yóò sì rí owó yá.

Lọ́dún 2012, ó fẹ́ dupò ààrẹ. Òfin béèrè ìbuwọ́lùwé 10,000; ó kó ohun tó lé ní 12,000 sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ náà ní èyí tí òun lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò pé. Youssou ní ọwọ́ òṣèlú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ìbò. Èrò tó ń kún pápá ìṣeré nítorí rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìwé ni ìgbìmọ̀ kà, wọn kò ka àtẹ́wọ́.

Ó wá ti Macky Sall lẹ́yìn. Nígbà tí Sall wọlé, ó fi í ṣe mínísítà àṣà àti ìrìnàjò afẹ́. Lọ́dún 2013, ó kúrò nípò náà. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ṣì ń jáde, rédíò rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ pósítà, ẹ bi ara yín: bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìbò, kí ló máa ṣẹ́kù ní wọ́ọ̀dù mi tó máa wúlò fún aráàlú? Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná.